Ẹ Bi Los Angeles Léèrè Kí Ẹ Tó Ra Ẹ̀rọ Olùkọ́

 

Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn láàárín àwa olùkọ́ àti àwọn òbí, a kò sì fẹ́ fi sábẹ́ ahọ́n sọ mọ́. Àwọn kan ní kí ìjọba kó IA, ìyẹn ọgbọ́n àtọwọ́dá, wọ inú ilé-ìwé kíákíá. Kí wọ́n ti Kùtọnu bẹ̀rẹ̀, kí ó kan Àjàṣẹ́, kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Bí a bá ní kí ló dé tí ẹ̀ ń kánjú, èsì kan náà ni wọ́n ń fọ̀: "Àwọn ìlú ńlá Amẹ́ríkà ti ṣe é." Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí wọ́n ṣe gan-an, nítorí ará iwájú tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n.

Ẹ wo Los Angeles. Bí ẹ bá yọ New York kúrò, kò sí ìlú Amẹ́ríkà tí ilé-ìwé ìjọba rẹ̀ tóbi tó tiwọn. Ní ọdún 2024, àwọn ọmọ ibẹ̀ lé ní 400,000. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, ọ̀gá àgbà ilé-ìwé wọn, Alberto Carvalho, gbé ẹ̀rọ kan jáde fún aráyé rí. Ed ni wọ́n sọ ọ́. Oòrùn kékeré tó ń rẹ́rìn-ín ni wọ́n yà fi ṣe ojú rẹ̀. Wọ́n ní Ed yóò máa bá ọmọ kọ̀ọ̀kan sọ̀rọ̀ bí ẹni pé òun nìkan ni ọmọ tó wà ní ìlú, yóò máa sọ ibi tí máàkì rẹ̀ dé fún un, yóò máa sọ fún òbí bí ọmọ bá ń pa ilé-ìwé jẹ. Wọ́n ní yóò gbọ́ nǹkan bí ọgọ́rùn-ún èdè. Àdéhùn ọdún márùn-ún ni, owó rẹ̀ lè tó mílíọ̀nù 6 dọ́là.

Iléeṣẹ́ kékeré kan tó ń jẹ́ AllHere ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún. Oṣù mẹ́ta péré! Ní oṣù kẹfà, AllHere ní owó ti tán lọ́wọ́ òun, ó ní kí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn òṣìṣẹ́ òun máa lọ sílé. Ni wọ́n bá pa ẹ̀rọ tí ń sọ̀rọ̀ náà. Nígbà yẹn, ìlú ti san nǹkan bí mílíọ̀nù 3 dọ́là. Ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà, ìjọba àpapọ̀ mú ẹni tó dá iléeṣẹ́ náà sílẹ̀, wọ́n fẹ̀sùn kàn án pé ó parọ́ fún àwọn olówó tó dókòwò síbẹ̀. A kò dá a lẹ́bi. Ilé ẹjọ́ ló ni ìyẹn.

Ṣùgbọ́n owó kọ́ ló dùn wá jù. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá tó ti ṣiṣẹ́ ní AllHere sọ fún oníròyìn pé ọwọ́ tí wọ́n fi mú ìsọfúnni àwọn ọmọ kò bá òfin tí ìlú náà fúnra rẹ̀ gbé kalẹ̀ mu. Ẹ rò ó wò. Owó tó sọnù, a lè tún un wá. Orúkọ ọmọ, máàkì rẹ̀, wàhálà ilé rẹ̀, bí wọ́n bá ti bọ́ sọ́wọ́ àjèjì, ta ni yóò lọ gbà wọ́n padà?

Kì í sì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ wọn nìyí. Ní 2013, Los Angeles yìí kan náà ní kí gbogbo ọmọ ní iPad, owó tó lé ní bílíọ̀nù 1 dọ́là ni wọ́n pète. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àwọn ọmọ ti já ààbò tí wọ́n fi sí i. Ní 2014 wọ́n fagi lé àdéhùn náà, ní ọdún kejì rẹ̀ Apple gbà láti san mílíọ̀nù 4.2 dọ́là kí ẹjọ́ lè parí. New York ńkọ́? Ní oṣù kìíní 2023 wọ́n ti ChatGPT pa lórí ẹ̀rọ ilé-ìwé. Nígbà tó fi máa di oṣù karùn-ún, ọ̀gá wọn, David Banks, ti ní àwọn kánjú, ó ṣílẹ̀kùn padà. Ẹ̀rù lé wọn lọ, ẹ̀rù lé wọn bọ̀.

Èyí ni àpẹẹrẹ tí wọ́n ní ká tẹ̀lé o.

Àwa kò sọ pé ẹ̀rọ burú. Àwọn kan wà nínú wa tó ń fi í wá ọ̀rọ̀ dictée lálẹ́, nígbà tí iná bá wà. Àmọ́ ẹ gbọ́ èyí. Lọ́dún tó kọjá, a ní kí àwọn ọmọ CM2 kọ rédaction lórí ìkórè ní oko bàbá wọn. Ọmọkùnrin kan mú tirẹ̀ wá, Faransé inú rẹ̀ ń dán gbinrin, kò sí àṣìṣe kankan. Àlìkámà ni bàbá rẹ̀ ń kórè níbẹ̀! A bi í pé, "Ọmọ mi, níbo ni bàbá rẹ ti rí blé gbìn?" Ó dorí kodò. Àgbàdo àti gbàgùúdá ni bàbá náà ń gbìn, gbogbo wa la mọ oko rẹ̀. Portable ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló kọ rédaction. A kò nà án. A ní kó fi Yorùbá sọ bí ìkórè wọn ṣe rí, ó sì sọ ọ́ títí aago fi lù: bí òjò ṣe ká àgbàdo mọ́ ìta, bí ìyá rẹ̀ ṣe fi aṣọ rẹ̀ bò ó. Lẹ́yìn náà ó fi Faransé kọ ọ́. Àṣìṣe pọ̀ níbẹ̀, a sì fún un ní máàkì tó dára ju ti gbogbo kíláàsì lọ.

Ta ni yóò ṣe ìyẹn bí olùkọ́ kan bá ń bójú tó ọmọ tó lé ní ọgọ́ta, tí ọ̀pọ̀ nínú wa jẹ́ aspirant tí kò mọ ohun tí ọdún tó ń bọ̀ máa jẹ́? Owó ẹ̀rọ tí ẹ̀ ń wá kiri, ẹ kọ́kọ́ fi gba olùkọ́. Nígbà tí ilé-ìwé wọlé padà ní Los Angeles ní oṣù kẹjọ, àwọn olùkọ́ ló dúró níwájú kíláàsì. Ed kò sí níbẹ̀.

Ìjọba wa ti gba ìlànà lórí IA ní 2023. Code du numérique wà láti 2018, APDP sì wà tó yẹ kó máa ṣọ́ ìsọfúnni àwọn ènìyàn. Òbí mélòó ló mọ̀ pé òun lè mú ẹjọ́ lọ bá wọn?

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, bí ẹnikẹ́ni bá gbé ẹ̀rọ wá sí ìpàdé APE yín, ẹ ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ níwájú gbogbo yín: orílẹ̀-èdè tí orúkọ àwọn ọmọ wa yóò wà, ẹni tí yóò máa sanwó ní ọdún kẹta, bóyá ó gbọ́ Yorùbá Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí ti Èkó nìkan, àti ilẹ̀kùn tí a óò lọ kàn bí iléeṣẹ́ náà bá kó ẹrù rẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Bí kò bá lè kọ ọ́, ẹ má fọwọ́ sí i.