Ẹ̀ẹ̀kan Ṣoṣo Ni: Ẹ Má Fojú Tín-ín-rín Àmì VSTAR

Ṣé ẹ ti bá ọ̀rẹ́ yín jà rí nítorí káàdì? Èmi ti ṣe é. Odidi ọjọ́ mẹ́rin ni èmi àti ọ̀rẹ́ tí a jọ ń gbé yàrá kan náà kò fi sọ ju "káàárọ̀" lọ síra wa.

Pokémon ni à ń ta lálẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tó kàn mí lẹ́ẹ̀kejì, mo sọ Arceus V mi di Arceus VSTAR, mo sì lo agbára rẹ̀ tó ń jẹ́ Starbirth. Agbára yìí máa ń jẹ́ kí ènìyàn wá káàdì méjì tó bá wù ú nínú ìdì káàdì rẹ̀, kí ó sì mú wọn sọ́wọ́. Nínú eré tí káàdì 60 wà nínú ìdì, tí a kì í mọ èyí tí a máa fà, nǹkan ńlá nìyẹn. Nígbà tó yá, ọ̀rẹ́ mi pa Arceus yẹn. Mo gbé òmíràn jáde, mo sọ òun náà di VSTAR, mo sì tún pariwo, "Starbirth!"

Ó ní, "O ti lò ó."

Mo ní, "Ìyẹn ti kú. Òmíràn nìyí."

Ó ní òjóró ni mò ń ṣe. Bí ìjà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àbúrò kan tó ń wò wá ló mú káàdì náà, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ohun tó wà nínú àkámọ́ yìí." Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé a kò lè lo ju agbára VSTAR kan lọ nínú eré kan. Ojú tì mí, ṣùgbọ́n mi ò gbà lójú ẹsẹ̀ pé mo jẹ̀bi.

Mo rò pé Arceus ló ni agbára náà. Rárá o. Ẹni tó ń ta káàdì ló ni ín. Bí ẹ bá kó Arceus VSTAR mẹ́rin sínú ìdì yín, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo náà ni. Bí ẹ bá ti lo Starbirth, Star Requiem ti Giratina VSTAR ti bọ́ lọ́wọ́ yín nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìkọlù ni ti Giratina, tí ti Arceus kì í sì í ṣe ìkọlù. Agbára tí Forest Seal Stone ń fún Pokémon V tí a bá so ó mọ́ náà wà lábẹ́ òfin yìí. Àwọn káàdì GX tó jáde lédè Gẹ̀ẹ́sì ní 2017 nìkan ló ní àmì tiwọn lọ́tọ̀. Bí ẹ bá pò wọ́n mọ́ àwọn VSTAR tó dé ní 2022, ẹ lè lo ìkọlù GX kan àti agbára VSTAR kan nínú eré kan náà.

Ìdí nìyí tí wọ́n fi ṣe àmì. Iwájú yín lórí tábìlì ló máa ń wà. Bí ẹ bá ti lo agbára náà, ẹ ó dojú rẹ̀ dé. Àwọn kan lára wa ń sọ pé kò pọn dandan, pé a fọkàn tán ara wa. Èmi ò fara mọ́ ọn. Ìgbàgbé kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n lójú ẹni tó ń pàdánù, ìkan náà ni wọ́n. Nínú ayò, gbogbo ènìyàn ló ń rí ohun tó wà nínú ọpọ́n. Nínú eré káàdì, ohun tó fara sin pọ̀: káàdì ọwọ́, ìdì káàdì, àti káàdì ẹ̀bùn mẹ́fà tí a dojú wọn dé. Ó yẹ kí nǹkan kan wà tí ojú gbogbo wa jọ ń rí.

Ẹni tí a jọ ń ta pẹ̀lú ní ẹ̀tọ́ láti mọ̀. Bí àmì ẹni tó ní Giratina kò bá tíì dojú dé, tí káàdì mẹ́wàá sì ti wà nínú Lost Zone rẹ̀, ẹ̀rù gbọ́dọ̀ bà mí. Star Requiem lè pa Pokémon tó wà níwájú mi lẹ́ẹ̀kan náà, bó ti wù kí ẹ̀mí rẹ̀ pọ̀ tó. Bí àmì náà bá ti dojú dé, mo lè fi ọkàn balẹ̀ gbé àgbà káàdì mi síwájú. Ẹni tí kò bá gbé àmì rẹ̀ kalẹ̀ ti fi ìmọ̀ yẹn dù mí.

Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Bẹ́ẹ̀ ni agbára yìí rí, kò ṣeé kó padà.

Ní ọjọ́ karùn-ún, mo bẹ ọ̀rẹ́ mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó mú ìdérí ìgò Fanta méjì, ó gbé ọ̀kan síwájú mi, ó gbé ìkejì síwájú ara rẹ̀, ó ní kí n po káàdì. A ò tíì ra àmì gidi títí di òní. Ìdérí ìgò yẹn náà là ń lò, a ò sì tíì jà mọ́.