Ẹ Jẹ́ Kí Aládùúgbò Sùn: Ẹ̀sùn sí Àwa Ajíhìnrere

Àwa ọmọ Ìjọ ni mo pè lẹ́jọ́. N kò pe abọ̀rìṣà, n kò pe Mùsùlùmí, n kò sì pe ọmọ ìgboro tí kò wọ ṣọ́ọ̀ṣì rí. Àwa tí a gbà pé Jésù rán wa níṣẹ́ sí gbogbo ayé, tí a há Bíbélì mọ́ abíyá, tí a kó ìwé ìléwọ́ sápò, àwa ni mo fẹ̀sùn kàn. Ìwàásù fúnra rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tó bá ní òun rí ìyè tí kò sì sọ fún ẹnì kejì, ahun gbáà ni. Ohun tí mo ń bá wa fà ni pé a kì í wo ojú ẹni tí à ń wàásù fún mọ́. A ń sọ̀rọ̀ lé e lórí, a kì í bá a sọ̀rọ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Èkó, ní Ìbàdàn, ní Àkúrẹ́, fi ń yà gba ọ̀nà ibòmíràn bí wọ́n bá ti rí wa lókèèrè.

Ẹ̀sùn kìíní ni ariwo.

Aago márùn-ún ìdájí kò tíì lù tí ẹnì kan nínú wa ti gbé mẹ́gáfóònù síta: ẹ ronú pìwà dà, ayé ń lọ sópin! Nọ́ọ̀sì tó ṣiṣẹ́ mọ́jú ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn lélẹ̀ ni. Ìyá ìkókó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ọmọ tẹ́ sùn. Bàbá tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ti lo oògùn rẹ̀ lálẹ́, oorun díẹ̀ tó rí ni a fi mẹ́gáfóònù já. Kò sí èyí tí a bi léèrè nínú wọn. Nígbà tó bá sì di ìrọ̀lẹ́, ọgbọ̀n ènìyàn ló máa wà nínú ilé ìjọsìn, àwọn ọgbọ̀n náà sì ń gbọ́ pásítọ̀ ketekete, ṣùgbọ́n sípíkà méjì tó dà bí ìwo ẹfọ̀n ti wà lórí òrùlé, tó kọjú sí ìgboro. Ta ni sípíkà yẹn wà fún? Bí ẹnikẹ́ni bá bi wá, a ó ní nítorí ọkàn tó ń ṣègbé ni. N kò tíì rí ẹni tó jẹ́rìí pé ariwo òru tí kò jẹ́ kí òun sùn ló mú òun wá sọ́dọ̀ Jésù.

Ní August 2016, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì 70 àti mọ́ṣáláṣí 20 pa nítorí ariwo. Kíá ni àwọn kan nínú wa ti ń pariwo inúnibíni. A gbàgbé pé aládùúgbò wa ló ń lọ fẹjọ́ wa sùn, àwọn tí a ní a fẹ́ràn tó bẹ́ẹ̀ tí a kò lè dákẹ́.

Mo mọ ibi tí olùgbèjà wa máa gbé e gbà. Yóò ní Wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá náà lu agogo kiri ìlú. Òótọ́ ni. Awakọ̀ katapílà tó ń tẹ ọ̀nà fún iṣẹ́ ìjọba ni Babalọlá kí Ọlọ́run tó pè é ní 1928, agogo ọwọ́ ló sì máa ń lù. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Òkè-Ooyè ní Iléṣà ní July 1930. Ẹsẹ̀ ni àwọn ènìyàn fi rìn wá láti ọ̀nà jíjìn, nítorí pé wọ́n rí ẹni tí ara rẹ̀ yá ní abúlé wọn, ẹni tí wọ́n mọ̀, tí wọ́n mọ àìsàn tó ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Ẹnu ẹni tó gba ìwòsàn ló gbé ìròyìn náà kiri, agogo kò lè dún dé ibi tó dé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Moses Orímọládé ní Èkó ní 1925. Nígbà tí ọ̀dọ́mọbìnrin Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n wà lójú ìran tí kò jí, àwọn ará ilé rẹ̀ ló ránṣẹ́ pe bàbá náà kó wá gbàdúrà. Wọ́n mọ̀ ọ́n sí aládùúrà, wọ́n sì mọ ibi tí wọ́n ti lè rí i. Ìjọ Kérúbù àti Séráfù ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Èwo nínú wa ni ará àdúgbò máa ránṣẹ́ pè bí ọmọ wọn bá dùbúlẹ̀?

Ẹ̀sùn kejì: a ń wàásù fún ẹni tí kò rí ibi sá sí.

Ẹ wo inú ọkọ̀. Ọkọ̀ ti kún ní gáréèjì, kọ̀ndọ́kítọ̀ ti ń gba owó, a dìde dúró níwájú, a ní kí gbogbo ènìyàn di ojú. A bẹ̀rẹ̀ sí í ka jàǹbá ọkọ̀ tó ṣẹlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, a ń ka òkú níṣojú ẹni tó fẹ́ rìnrìn àjò. Nígbà tí ẹ̀rù bá ti bà wọ́n dáadáa, a ó gbàdúrà, lẹ́yìn náà ni báàgì máa ṣí: oògùn jẹ̀díjẹ̀dí, tàbí ìwé àdúrà, tàbí àpò ìwé fún ọrẹ. Ẹni tó sanwó ọkọ̀ kò lè sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó bá kùn, a ó ní ẹ̀mí búburú ló ń bá a jà.

Inú ọkọ̀ ṣì sàn ju ilé ìwòsàn lọ. Bàbá tí wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún ní òwúrọ̀ ọ̀la ń wo àjà, omi ń kán sínú iṣan rẹ̀, ọmọ tó lè bí ní àbíkẹ́yìn dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ó sì bi í pé, "Bàbá, tí ẹ bá kú lálẹ́ òní, ọ̀run wo lẹ ń lọ?" A máa ń pe èyí ní ìgboyà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe. Àwọn obìnrin kan máa ń wá sí wọ́ọ̀dù pẹ̀lú fúláàsì ẹ̀kọ mímu. Wọ́n á bu fún ẹni tí kò ní ẹbí, wọ́n á bá a pe nọ́ọ̀sì, wọ́n á bá a ra káàdì sórí fóònù kó lè bá ilé sọ̀rọ̀. Wọ́n lè wá lẹ́ẹ̀mẹta láì ṣí Bíbélì. Nígbà tó bá yá, aláìsàn á bi wọ́n pé ṣọ́ọ̀ṣì wo ni wọ́n ń lọ. Ìbéèrè yẹn ni ìwàásù ń dúró dè, àwa kì í sì í ní sùúrù fún un.

Ẹ̀sùn kẹta ló wúwo jù lójú tèmi: ìwọ̀sí.

Nínú ilé Yorùbá, ẹ̀gbọ́n lè jẹ́ Alhaji, kí àbúrò jẹ́ díákónì, kí bàbá àgbà wọn ṣì máa bọ Ògún. Ẹran iléyá dé ọ̀dọ̀ díákónì, ìrẹsì Kérésìmesì dé ọ̀dọ̀ Alhaji. Inú irú ilé yìí ni a ti gbé mẹ́gáfóònù dúró, tí a ń bú ẹ̀sìn tó san owó ilé ìwé wa. Ọmọ tí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ tó jẹ́ Alhaja tọ́ dàgbà yóò gba ìrìbọmi lónìí, lọ́la ni kò ní jẹun lọ́wọ́ obìnrin náà mọ́. A ó pàtẹ́wọ́ fún un pé ó ti já ìdè. Obìnrin náà ńkọ́? Ṣé ó tún máa fẹ́ gbọ́ orúkọ Jésù láti ẹnu wa títí ó fi kú?

Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther ti fi ọ̀nà mìíràn hàn wá, tó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Ó dé Ìlọrin ní 1872, ó jókòó níwájú Ẹ́míà, wọ́n sì bi í léèrè ọ̀rọ̀ nípa Jésù. Nígbà tó ṣì wà ní Sàró ló ti mọ̀ pé àríyànjiyàn pẹ̀lú Mùsùlùmí kì í bí ọmọ kankan yàtọ̀ sí ìbínú. Kò bú Ànábì. Ìwé Mímọ́ ní èdè Yorùbá ló ṣí, ó ka ibi tí áńgẹ́lì Gébúrẹ́lì ti mú ìròyìn wá fún Màríà, nítorí ó mọ̀ pé àwọn tó wà níwájú òun mọ Jìbìrílù, wọ́n sì ń bọlá fún Màríámù. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí wọ́n jọ dúró. Kí á má parọ́, kì í ṣe gbogbo Ìlọrin ló di onígbàgbọ́ lọ́jọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́ ọ tán, kò sì sí ẹni tó fa idà yọ.

Ẹ fi wé Kánò. Ní October 1991, ìkéde ìsọjí ńlá gba ìlú náà kan, pé oníwàásù ọmọ Jámánì, Reinhard Bonnke, ń bọ̀. Ìsọjí kò tíì bẹ̀rẹ̀ tí ìjà ìgboro fi dé. Ẹ̀mí ṣòfò, dúkìá jóná. Ẹni tó pa ènìyàn ló ni ẹ̀ṣẹ̀ ìpànìyàn, n kò ní yí i sí ẹlòmíràn lọ́rùn. Ohun tí mo ń bi wá ni ẹni tó jìyà rẹ̀. Oníwàásù kúrò ní ìlú. Àwọn Kristẹni tó ń gbé Kánò, tó ní ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀, tó ń bá Mùsùlùmí rà tó ń bá wọn tà lójoojúmọ́, ló dúró sin òkú. Ṣé ẹnikẹ́ni bi àwọn wọ̀nyí bóyá irú ìkéde bẹ́ẹ̀ yóò ràn wọ́n lọ́wọ́ lọ́dọ̀ aládùúgbò wọn?

Ìwọ̀sí tí a ń fi kan ẹ̀sìn ìbílẹ̀ kò kéré sí èyí. Iṣẹ́ ọwọ́ baba wa ni a ń kó jóná, tí a ń ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná. Ọ̀nà mìíràn wà. Ní 1947, Bàbá Kevin Carroll, àlùfáà Kátólíìkì ti ẹgbẹ́ míṣọ́nárì SMA, wá àwọn agbẹ́gilére jọ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Ó gba George Bándélé, ọmọ Aréògún, agbẹ́gilére ti Òsì-Ìlọrin. Làmídì Fákẹ́yẹ, tó jẹ́ Mùsùlùmí, kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bándélé níbẹ̀. Ọgbọ́n tí ọwọ́ wọn ti mọ̀ ni wọ́n fi gbẹ́ ìtàn Bíbélì sára ilẹ̀kùn àti òpó ilé ìjọsìn, àwọn amòye tó wá kí Jésù sì dé adé bí ọba ilẹ̀ Yorùbá. Kí ẹ tó sọ pé Kátólíìkì ni, ẹ kọ́kọ́ sọ fún mi iye ènìyàn tí iná yín ti mú wá sínú ìjọ.

Ẹ̀sùn kẹrin, ìjẹ. Mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀, nítorí gbogbo ògiri ìlú ló ń jẹ́rìí. Pósítà ìsọjí dé: fọ́tò pásítọ̀ àti ìyàwó rẹ̀ gba ilẹ̀ tán, iṣẹ́ ìyanu, ọkọ, físà àti ilé tẹ̀ lé e, orúkọ Jésù wà ní ìsàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́mbà fóònù. Ẹni tó bá wá nítorí físà yóò lọ nígbà tí físà kò bá dé. Àwa náà la ó sì pè é ní apẹ̀yìndà.

Ẹ̀sùn karùn-ún: a ń ka orí, a kì í tọ́ ọmọ.

Ìsọjí parí, a ní kí ẹni tó fi ayé rẹ̀ fún Kristi jáde síwájú, a kọ orúkọ wọn sí káàdì, a sì kéde iye wọn ní ọjọ́ ìsinmi. Ta ló lọ sí ilé wọn ní ọ̀sẹ̀ kejì? Crowther pàdé Afàlá, ìyá rẹ̀, ní Abẹ́òkúta ní August 1846, lẹ́yìn ọdún márùndínlọ́gbọ̀n tí wọ́n ti kó wọn lẹ́rú tí wọ́n sì ti pín wọn níyà. Àlùfáà ni ọmọ náà nígbà yẹn. Bí ó bá jẹ́ àwa ni, ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni a ó ti ri ìyá bọ omi, fídíò yóò sì ti wà lórí Facebook kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìyá gbé lọ́dọ̀ ọmọ, ó gbọ́, ó kọ́ ẹ̀kọ́, ní February 1848 ni ó gba ìrìbọmi, tí ó jẹ́ Hannah. Ó lé ní ọdún kan. Ìyá bíṣọ́ọ̀bù ọ̀la ni o.

Mo tún máa ń rántí míṣọ́nárì David Hinderer àti Anna ìyàwó rẹ̀, tí wọ́n dé Ìbàdàn ní 1853, tí wọ́n kọ́lé sí Kúdẹtì. Anna gba ọmọ onílé sọ́dọ̀, ó ń kọ́ wọn níwèé, ó ń rán aṣọ fún wọn. Nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ̀rẹ̀ ní 1860 tí ọ̀nà Èkó dí, ebi wọ ilé náà, wọ́n ta ẹrù wọn kí àwọn ọmọ lè jẹun. Wọn kò sá. Daniel Olúbi tó ti wà lọ́dọ̀ wọn láti ìgbà ọ̀dọ́ ni ìjọ Ìbàdàn bọ́ sí lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n kúrò ní 1869. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni wọ́n fi wà níbẹ̀, iye ènìyàn tí wọ́n mú wá kò tó èyí tí a ń kéde lálẹ́ ọjọ́ Sunday kan ṣoṣo. Ìjọ yẹn ṣì wà.

Ẹ̀sùn kẹfà kúrú, ó sì bá gbogbo wa wí: gbèsè. Ìyá aláta tó wà ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì wa, Mùsùlùmí ni. Ọmọ ẹgbẹ́ akọrin méjì ló jẹ ẹ́ lówó, ọ̀kan ti gbà á láwìn láti ọjọ́ Àjíǹde. Wọ́n ti ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn kó má baà rí wọn. Ní Sátidé tó kọjá, nígbà tí a jáde fún ìjẹ́rìí, àwọn méjèèjì kan náà ló rán ọmọdé kan sí i pẹ̀lú ìwé ìléwọ́ tí àwòrán iná ọ̀run àpáàdì wà lára rẹ̀. Ìyá gbà á, ó dúpẹ́, ó sì fi di ata gígún fún oníbàárà tó san owó lójú ẹsẹ̀.