Ìyàwó Ilé Nílò Ilẹ̀ Tí Yóò Gbin Igi Sí

Ẹ̀yin àgbẹ̀ Ṣakí, Ìsẹ́yìn, Ìgbòho àti Òkèhò, kò di ìgbà tí ìwé ìròyìn bá sọ fún yín kí ẹ tó mọ̀ pé òjò kò ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé mọ́. Àkọ́rọ̀ òjò lè mú kí àgbàdo hù, kí ọ̀dá sì pa á kí ó tó yọmọ. Nígbà bẹ́ẹ̀, gàrí àti èlùbọ́ tí ìyàwó tọ́jú, pẹ̀lú owó òrí tí ó tà, ni ó máa ń gba ọ̀pọ̀ ilé là.

Àwọn olùkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ti gbà wá ní ìmọ̀ràn rere: kí a gbin àgbàdo tí ó tètè ń gbó, irú èyí tí àwọn onímọ̀ IITA ní Ìbàdàn ń ṣe, kí a da imí ẹran sí ilẹ̀ tí ó ti ṣá, kí a gbin igi sínú oko. Ṣùgbọ́n ta ni ó lè tẹ̀lé e?

Àgbàdo kò le. Nǹkan bí oṣù 3 ni, ẹni tí ó yá ilẹ̀ pàápàá lè gbìn ín. Igi ni ó yàtọ̀. Kajú ń fẹ́ nǹkan bí ọdún 3 kí ó tó so. Igi òrí lè gba ọdún 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú àṣà wa, ẹni tí ó bá gbin igi sí ilẹ̀ ti fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ níbẹ̀, ìdí sì nìyí tí a kì í fi í gbà fún ẹni tí a yá ní ilẹ̀. Bí ẹni tí a yá ní ilẹ̀ gan-an ni ìyàwó ilé rí ní oko ọkọ rẹ̀. Ó lè gbin ata, ẹ̀gúsí àti ẹ̀pà. Bí ó bá fi ọdún 4 da imí ẹran sí ilẹ̀ náà títí tí ó fi jí, ẹlòmíràn lè gbà á ní ọdún karùn-ún.

Àwọn kan yóò wí pé àwa Yorùbá kì í fi ẹ̀tọ́ obìnrin dù ú. Òótọ́ ni, ní ti ọmọbìnrin. Ní ọdún 1908, nínú ẹjọ́ Lewis àti Bankole ní Èkó, ilé ẹjọ́ gbà pé ọmọbìnrin lè jẹ́ olórí ẹbí. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1957, nínú ẹjọ́ Suberu àti Sunmonu, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù tẹnu mọ́ ọn pé, nínú àṣà Yorùbá, ìyàwó kì í jogún ọkọ rẹ̀. Ó dára. Obìnrin tí ó ní ilẹ̀ ní ilé bàbá rẹ̀ ní Ìgbòho, tí a sì gbé níyàwó lọ sí Ìsẹ́yìn, oko wo ni yóò máa ro?

Ẹ̀rù tí ń ba àwọn baálé ni pé ilẹ̀ ẹbí yóò bọ́ sọ́wọ́ àjèjì bí ìyàwó bá kọ ọkọ. N kò fi ẹ̀rù náà ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ẹbí lè kọ ọ́ sílẹ̀ níwájú ẹlẹ́rìí pé lágbájá ni yóò máa ro ilẹ̀ yìí, tí yóò sì máa ká igi rẹ̀, títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Pé kò gbọdọ̀ tà á. Pé àwọn ọmọ tí ó bí sí ilé yìí ni yóò gbà á lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tí kò bímọ ńkọ́? Kí òun náà ro ó títí ọjọ́ ikú rẹ̀, kí ilẹ̀ sì padà sí ilé.

Òfin Lílo Ilẹ̀ ti ọdún 1978 fún ìjọba ìbílẹ̀ ní agbára láti fún ènìyàn ní ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀ oko tí kò sí ní ìgboro. Kò sì yọ obìnrin sílẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ 10 ni ó wà ní Òkè-Ògùn. Ẹ lọ bi alága tiyín léèrè pé obìnrin mélòó ni ó ti gba irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ẹ bi í nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí ààlà oko hàn kedere tí àwọn àgbà ilé sì ráyè jókòó.