Ẹ Jẹ́ Kí Á Yẹ Ọkọ̀ Wò Kí Owó Tó Jáde

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá yìí kan àpò gbogbo wa.

Ó ti ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tí ọmọ ẹgbẹ́ yá owó lọ́wọ́ alájẹṣẹ́kù, tí ó fi ra ọkọ̀ tòkunbọ̀ lọ́wọ́ oníṣòwò, tí ọkọ̀ sì dákú kí gbèsè tó dín rárá. Ọkọ̀ wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, onítọ̀hún ń fẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́, síbẹ̀ wọ́n ń yọ owó nínú owó oṣù rẹ̀. Bí a bá béèrè, a ní kádàrá ni. Àwa kò gbà pé kádàrá ni.

Aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá. Ọ̀dà tuntun kọ́ ni ọkọ̀ gidi. Àwọn kan a ti tan ẹ́ńjìnnì kí olùrà tó dé, nítorí ẹ́ńjìnnì tó ti gbó máa ń tú àṣírí ara rẹ̀ nígbà tó bá tutù. Wọn a da ọ́ìlì tó ki sí i kí èéfín má baà yọ. Wọn a yọ gílóòbù iná tí ń kìlọ̀, wọn a dá máìlì padà sẹ́yìn. Omi bo ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà nígbà ìjì Katrina ní 2005 àti Harvey ní 2017. Bí a bá tún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kùn, ojú lásán kò lè mọ̀ ọ́n.

Ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde tán: ẹrẹ̀ inú rẹ̀ yóò jẹ́rìí. Ẹ ṣí ìdérí ọ́ìlì: bí ó bá funfun bí ògì, omi ti wọ inú rẹ̀. Èéfín búlúù, ọ́ìlì ló ń jó. Ẹ fi nọ́ńbà 17 tó wà lára ọkọ̀ wé ti inú ìwé rẹ̀.

Ẹlòmíràn yóò ní mẹkáníìkì òun ti bá òun wò ó. Mẹkáníìkì tí olùtà fún ní nǹkan lẹ́yìn, ta ni ó ń ṣiṣẹ́ fún?

Nítorí náà, ohun tí a ń fẹ́ nìyí. Kí alájẹṣẹ́kù yan mẹkáníìkì tirẹ̀, kí ó sì san owó rẹ̀. Kí ó yẹ ọkọ̀ wò láàárọ̀ kùtù, kí ó wà á gun òkè, kí ó sì kọ ohun tó rí sílẹ̀ kí owó tó jáde.

Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2018 lórí ààbò oníbàárà fún olùrà ní ẹ̀tọ́ sí ọjà tó dára, tó ṣeé lò fún ohun tí a rà á fún. Ṣùgbọ́n bí olùtà bá ti ṣàlàyé ipò tí ọjà wà, tí ẹ sì gbà á bẹ́ẹ̀, ẹ̀tọ́ náà lè bọ́ lọ́wọ́ yín. Ẹ má fọwọ́ sí ìwé tó ní "bó ṣe wà ni mo ṣe rà á" láìmọ bó ṣe wà.

Kì í ṣe gbogbo oníṣòwò ni ẹlẹ́tàn. Àwọn mìíràn kò mọ àléébù ohun tí wọ́n ń tà. Olóòótọ́ inú wọn kò ní kọ̀ kí a yẹ ọjà rẹ̀ wò.

Ọkọ̀ tí bíréèkì rẹ̀ já ní gẹ̀rẹ́gẹ́rẹ́ Ẹ̀fọ̀n Aláayè kì í bi olówó rẹ̀ léèrè bóyá ó ti san gbèsè tán. Ẹ jẹ́ kí á gbé ọ̀rọ̀ yìí wá sí ìpàdé wa tó ń bọ̀. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.