Èkúté Inú Àjà

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, tí iná bá ti jó ìgbẹ́, tí àgbàdo sì ti wọlé, ìgbà náà ni èkúté máa ń pọ̀ nínú ilé. Ní òru, baálé ilé yóò máa gbọ́ wọn lókè orí rẹ̀, wọn yóò máa sáré kiri inú àjà bí ẹni ń ṣe àjọ̀dún. Bí ilẹ̀ bá mọ́, yóò ra oògùn eku lọ́jà, yóò wọ́n ọn sórí àjà, yóò sì rò pé iṣẹ́ ti parí.

Iṣẹ́ kò tilẹ̀ tí ì bẹ̀rẹ̀. Láìpẹ́ òmíràn yóò dé, nítorí ohun tí ó pe ti ìṣáájú wá ṣì wà níbẹ̀. Ta ni ó gbé àpò àgbàdo sókè yàrá tí ó ń sùn? Baálé ilé kan náà ni. Àwọn ará ìgbàanì a máa so àgbàdo irúgbìn kọ́ sí àjà ilé ìdáná, lókè ààrò, níbi tí èéfín ń gbà lójoojúmọ́, kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́. Ọgbọ́n ni èyí. Ṣùgbọ́n àpò ẹ̀wà tí ó wà lókè yàrá tí èéfín kì í dé, tí ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ wò fún oṣù mẹ́ta, oúnjẹ èkúté ni.

Ọ̀ràn náà sì ju ti oúnjẹ tí ó ṣòfò lọ. Ní ọdún 1969 ni àwọn oníṣègùn dá ibà kan mọ̀, tí wọ́n fi orúkọ ìlú Lassa pè é, ní ilẹ̀ tí í ṣe Ìpínlẹ̀ Borno lónìí. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ irú èkúté kan tí ó ní ọmú púpọ̀ ni ó ń gbé àrùn náà sára oúnjẹ àti ohun èlò. Ọ̀wọ̀, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ti sin òkú nítorí rẹ̀. Ibà tí a rò pé ti ẹ̀fọn ni, tí kò sì gbọ́ oògùn, kí á tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Òtítọ́ ni pé bí ológbò kò bá sí nílé, ilé a di ilé èkúté. Ṣùgbọ́n ológbò kan kò lè ṣọ́ òrùlé tí ó ní ihò mẹ́wàá. Kí á kọ́kọ́ sọ oúnjẹ kalẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀mù irin tí ó ní ìdérí líle. Lẹ́yìn náà, kí á gun àjà lọ́sàn-án, kí á wo ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé láàrin páànù àti ògiri. Ihò tí àtàǹpàkò lè wọ̀ ti tó èkúté. Ti ẹ̀lírí kò tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Simẹ́ńtì tàbí àwọ̀n irin ni kí á fi dí i. Àkísà kò wúlò rárá, nítorí eyín iwájú èkúté kì í yé hù, jíjẹ nǹkan ni ó sì fi ń gé e kúrú. Ẹ̀ka máńgòrò tí ó gbára lé òrùlé, kí á gé e. Kí á dẹ pàkúté fún òru mélòó kan kí á tó dí ihò ìkẹyìn, kí òkú eku má bàa rà sínú àjà.

Ohun kan wà tí ó burú nínú ọ̀pọ̀ ilé: ọmọdé ni wọ́n ń rán gun àjà láti gbá ìgbẹ́ èkúté, nítorí pé ara rẹ̀ fúyẹ́. Eruku gbígbẹ náà ni yóò sì fà símú. Kí á wọ́n omi bílíìṣì sí i, kí ó rin dáadáa, kí á fi aṣọ bo imú, kí á fi àkísà tútù nù ún; kí baálé ilé fúnra rẹ̀ sì ni yóò gun àkàbà náà.