Ẹ̀yìn Ló Yẹ Kó O Wò

Bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Ta ni kò mọ̀ pé ohun tó gbéni ṣubú ni àgbà ń wá? Ohun tó ń bí mi nínú ni pé àwọn ọmọ wa tó ń múra sílẹ̀ fún JAMB, ìdánwò àṣewọlé fásitì, ní Mákùn-Omi ní ìpínlẹ̀ Ògùn ti sọ ẹ̀yìn wíwò di èèwọ̀.

Lóṣù Karùn-ún ọdún 2025, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Olóyèdé tó jẹ́ ọ̀gá àgbà JAMB jáde sí gbangba, ó jẹ́wọ́ àṣìṣe ẹ̀rọ àjọ rẹ̀ nínú ìdánwò ọdún náà, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀. Sẹ́ńtà 157 lọ́rọ̀ náà kàn, ọmọ 379,997, ní Èkó àti ìpínlẹ̀ márààrún ilẹ̀ Ìgbò. JAMB ní kí àwọn ọmọ náà wá tún ìdánwò ṣe. Ògùn kò sí níbẹ̀ rárá. Síbẹ̀, látìgbà náà, ẹ̀rọ ni gbogbo ọmọ tó bá fìdí rẹmi níbí ń dá lẹ́bi.

Ọmọ kan ládùúgbò wa ń lé Fásitì Ọlábísí Ọnàbánjọ ní Àgọ́-Ìwòyè. Mo ṣí ìwé ìbéèrè àtẹ̀yìnwá rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ti Gẹ̀ẹ́sì ti gbó, ó kún fún yíǹkì. Ti Kẹ́mísírì mọ́ fónífóní. Mo bi í pé èwo ló fà á sẹ́yìn lọ́dún tó kọjá.

"Kò sí o, sà. Ẹ̀rọ wọn ló jẹ máàkì mi."

Kẹ́mísírì nìkan, 100 ni nínú 400!

Wọ́n á ní iná kì í dúró létí omi, kọ̀ǹpútà ò sì tó. Mo gbọ́. Ṣé iná ló ní kó o fi èsì rẹ pamọ́ fún tíṣà lẹ́sìn?

Àmọ́ ìbẹ̀rù ló bí irọ́ ẹ̀rọ yẹn. Bí a bá fi ọ̀tún na ọmọ, òsì là ń fi fà á mọ́ra. Ẹ̀yin òbí, ọ̀tún àtòsì lẹ fi ń nà wọ́n! Ọmọ tẹ́ ẹ pè ní olódo lójú àlejò nítorí máàkì 158, ṣé yóò tún fẹnu ara rẹ̀ sọ ibi tí kò yé e? Ẹ pè é jókòó. Ẹ bi í léèrè ibi tó ti kọsẹ̀, kẹ́ ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ tán láìbú u, kẹ́ ẹ sì wá owó lẹ́sìn ẹ̀kọ́ náà fún un kí ìforúkọsílẹ̀ tó tún bẹ̀rẹ̀.