Èéfín Inú Bàálù àti Orúkọ Pápá Ọkọ̀ Òfurufú Àkúrẹ́

Ní ọdún 2023 ni Ìjọba Àpapọ̀ fi orúkọ Ọ̀mọ̀wé Olumuyiwa Bernard Aliu sọ pápá ọkọ̀ òfurufú Àkúrẹ́. Òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ ààrẹ Ìgbìmọ̀ ICAO, èyíinì ni àjọ tí ń ṣètò ìrìnnà òfurufú fún gbogbo àgbáyé, láti ọdún 2014 títí dé òpin ọdún 2019. Inú wa dùn sí i, nítorí ẹni tí oyè tọ́ sí ni a fi í fún. Ṣùgbọ́n bí a bá kọ orúkọ ẹni ńlá sí ẹnu ọ̀nà ilé, ó tọ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ hàn nínú ilé náà pẹ̀lú. Ní ọdún 2015, nígbà tí Aliu wà lórí àga, àjọ náà tẹ ìwé ìtọ́sọ́nà kan jáde, nọ́ńbà 344, lórí bí a ó ti máa kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ bàálù láti dá èéfín àti òórùn búburú tí ń wọ inú ọkọ̀ mọ̀, àti bí wọn yóò ti máa kọ ìròyìn rẹ̀. Ìwé yìí ni àwa fẹ́ rán ará Àkúrẹ́ àti Oǹdó létí.

Ẹni tí ó bá ti wọ bàálù rí yóò rántí pé kí ẹ́ńjìnnì ńlá tó dún rárá, iná ti ń tàn nínú ọkọ̀, atẹ́gùn tútù sì ti ń fẹ́. Ẹ̀rọ kékeré kan tí ó wà nínú ìrù bàálù ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà. Jẹnẹrétọ̀ bàálù ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Boeing 727, tí ó kọ́kọ́ fò ní ọdún 1963, ni bàálù akérò oníjẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ tí ó gbé irú rẹ̀ dání, kí ó lè máa balẹ̀ sí ìlú tí kò ní ohun èlò púpọ̀ lórí ilẹ̀. Ìlú bíi tiwa ni irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣe lóore jù.

Nísinsìnyí, kò sí ọlọ́gbọ́n kan ní ìpínlẹ̀ wa tí yóò gbé jẹnẹrétọ̀ sínú yàrá tí ó ń sùn. Òkú tí a ti sin nítorí rẹ̀ ti pọ̀ jù. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ bàálù, láti inú ẹ̀rọ gan-an ni a ti ń fa atẹ́gùn tí èrò ń mí. Ẹ̀rọ a fa atẹ́gùn láti ìta, a fún un pọ̀. Apá kan a lọ sí ibi tí epo ti ń jó, apá kejì, tí kò dé ibi iná, a gba inú páìpù lọ bá èrò. Bí ohun gbogbo bá pé, atẹ́gùn náà mọ́. Ṣùgbọ́n bí síìlì tí ń dá ọ́ìlì dúró bá gbó, tàbí tí òṣìṣẹ́ bá rọ ọ́ìlì ju ìwọ̀n lọ, ọ́ìlì a jò sínú atẹ́gùn náà, ooru a sì sọ ọ́ di èéfín. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ẹnu tí ẹ̀rọ fi ń mí ni ọ̀ràn ti ń wá: ọ́ìlì tí ń darí bíréèkì àti ìyẹ́ ọkọ̀ lè jò, kí ó ṣàn gba abẹ́ bàálù títí dé ẹnu náà, tàbí kí afẹ́fẹ́ fẹ́ èéfín ọkọ̀ mìíràn sí i. Nítorí náà ibi tí ẹni tí ó ṣe bàálù bá fi ẹnu ẹ̀rọ sí kì í ṣe ọ̀ràn kékeré. Asẹ́ tí a ń gbọ́ ìyìn rẹ̀ nígbà àrùn kòrónà, kòkòrò àti eruku ni ó ń mú. Kì í mú oru ọ́ìlì.

Oògùn kan wà nínú ọ́ìlì náà tí à ń pè ní tricresyl phosphate. Ní ọdún 1959, ní ìlú Meknes ní ilẹ̀ Mòrókò, àwọn oníṣòwò olójúkòkòrò kan ra ọ́ìlì bàálù tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà kò lò mọ́, wọ́n pò ó mọ́ epo jíjẹ, wọ́n sì tà á fún aráàlú. Bí 10,000 ènìyàn ni ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wọn rọ. Àwa kò sọ pé èrò bàálù ń jẹ irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀. Èyí tí ń dé imú wọn kéré sí i lọ́pọ̀lọpọ̀. Yunifásítì Cranfield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹ atẹ́gùn inú bàálù wò nínú ìrìn 100, ìròyìn wọn ní ọdún 2011 sì wí pé kò sí èyí tí ó kọjá ààlà tí a pa. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ìrìn 100 náà, èéfín tí ó tó kọ ìròyìn rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tí ó wọn odò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kò tíì lè sọ bí ó ti ń kún. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1999, lójú òfurufú Sweden, ara awakọ̀ méjèèjì inú bàálù BAe 146 kan dédé kọ iṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n tó gúnlẹ̀ láyọ̀.

Àwọn kan yóò wí pé irú ọ̀rọ̀ báyìí ń dẹ́rù ba èrò. Àwa kò gbà. Ohun tí a kò kọ sílẹ̀ ni mẹkáníìkì kò ní tún ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni àtúnṣe kò sì kọjá agbára ènìyàn: Boeing 787, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní ọdún 2011, kì í fa atẹ́gùn èrò láti inú ẹ́ńjìnnì mọ́, ẹ̀rọ oníná ni ó ń fà á láti ìta tààrà. Ṣùgbọ́n bàálù tí ó ti dàgbà ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ wa ń lò, síìlì àgbà kò sì rí bí ti ọmọdé.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin ni ẹ mọ bí a ti ń fi ohun tí ojú rí hàn nínú ìwé. Bí ẹ bá wà nínú bàálù tí òórùn bíi ti ìbọ̀sẹ̀ tí a kò fọ̀ bá gba inú rẹ̀ kan, ẹ pe àwọn tí ń tọ́jú èrò lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹ sì kọ ọjọ́, wákàtí àti nọ́ńbà ìrìn náà sílẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, ti òkè àti ti ìsàlẹ̀, bí olùdíje kan bá wá ṣèlérí fún yín lórí pápá ọkọ̀ òfurufú yìí, ẹ bi í bóyá ó ti gbọ́ nípa ìwé 344.

Ìmọ̀ràn ni ìwé náà, kì í ṣe òfin. Amẹ́ríkà ti fi ọ̀rọ̀ bí òṣìṣẹ́ bàálù yóò ti máa kọ ìròyìn èéfín sínú òfin wọn ní ọdún 2024. Ohun tí àwa ń bèèrè lọ́wọ́ àjọ NCAA kò pọ̀: kí wọ́n rí i dájú pé gbogbo awakọ̀, olùtọ́jú èrò àti mẹkáníìkì gba ẹ̀kọ́ inú ìwé náà, kí wọ́n sì máa tẹ iye ìròyìn èéfín jáde lọ́dọọdún, ti pápá kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ti Àkúrẹ́ má sì gbẹ́yìn.